Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Rí Àwọn Ẹyẹ Tí A Fi Ń Pa Òwe

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín o, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, ọ̀rọ̀ èdè wa sì ni pẹ̀lú.

Àgbà Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ títí kí ó má mẹ́nu kan ẹyẹ. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe gbé ara rẹ̀ ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a ó ní àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Bí ẹnìkan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjàngbọ̀n, a ó ní òjò tí ẹlúlùú bá pè, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ lé. Bí ẹnìkan bá tì wá síbi tí àwa náà ti ń lọ tẹ́lẹ̀, a ó rántí àwòdì tí ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí, tí ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ni à ń fi wé ẹ̀gà, ẹni tí aṣọ rẹ̀ funfun ni à ń fi wé lékeléke, ẹni tí a bá sì ń fi ẹ̀mí gígùn súre fún, a ó wí fún un pé gúnnugún kì í kú ní èwe.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ tí a bí sí Kubwa tàbí Nyanya tàbí Lugbe léèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní ẹlúlùú. Èyí tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa nínú wọn yóò dáhùn pé ẹyẹ kan ni, ó wà nínú òwe. Bí ó ti tóbi tó, àwọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀, ibi tí ó ń gbé, ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ wà lẹ́nu rẹ̀, ẹyẹ kò sí lójú rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá bí ọmọ tirẹ̀, orúkọ náà gan-an yóò bọ́ sọnù, òwe yóò sì tẹ̀lé e lọ.

Ìdí nìyí tí a fi ń gba gbogbo ìdílé níyànjú pé kí wọ́n ya òwúrọ̀ Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù, kí wọ́n kó àwọn ọmọ wọn jáde lọ wo ẹyẹ. Kò gba owó púpọ̀. Ojú, etí àti sùúrù ni ó gbà.

ẸYẸ ÒWE WÀ NÍ ÀBÚJÁ

Àwọn kan lè rò pé ìgbà tí a bá dé ilé nìkan ni a lè rí ẹyẹ tí Yorùbá mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Àbújá, ó fi ara jọ ilẹ̀ Ṣakí, Ìgbòho àti Ọ̀yọ́-Ilé àtijọ́: koríko gígùn, igi tí ó jìnnà síra, àpáta ńláńlá, àti igbó díẹ̀díẹ̀ létí odò. Púpọ̀ nínú ẹyẹ tí àwọn baba wa ń rí lọ́hùn-ún kò ṣe àjèjì níhìn-ín. Kí ìjọba tó ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún olú-ìlú ní ọdún 1976, kí wọ́n tó kó kúrò ní Èkó wá síbí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, àwọn Gbagyi, Koro, Gade, Bassa àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń dáko láàárín àwọn ẹyẹ wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́. Àwọn ni onílẹ̀, àwa ni àlejò.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹlúlùú. Ẹyẹ ńlá ni, orí rẹ̀ dúdú, ìyẹ́ apá rẹ̀ pọ́n bí àwọ̀ ẹ̀ṣẹ́ obì, ikùn rẹ̀ funfun díẹ̀, ojú rẹ̀ sì pupa bí ẹyín iná. Kì í fò dáadáa. Inú pápá ni ó máa ń rá sí, tí yóò máa fi ẹsẹ̀ wá tata àti aláǹgbá kiri. Ohùn rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, ó ń ró bí ìgbà tí omi ń tú láti ẹnu akèrègbè. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́ ohùn yìí nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, kò tún ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ní ẹlúlùú ni ó ń pe òjò.

Ẹ̀gà kò jìnnà rárá. Ẹ wo orí igi ọ̀pẹ tàbí igi ńlá kan tí ó wà ní àdúgbò, ẹ ó rí ìtẹ́ tí ó rọ̀ dirodiro bí ẹni so àdó mọ́ ẹ̀ka. Akọ ni ó ń hun ún. Yóò fa imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi ẹnu lásán hun ilé tí ọwọ́ ènìyàn kò lè hun. Nígbà tí ó bá parí, yóò rọ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, yóò máa ju apá, yóò máa pariwo kí abo wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí abo bá wọlé tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ilé tí a kò bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, akọ náà yóò tú u palẹ̀ nígbà tí ó bá gbó, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin wa tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ lọ wo ẹ̀gà kí ẹ tó sọ pé àna yín le.

Bí a bá rí igbó létí odò, kí á wo òkè igi fún àlùkò. Ara rẹ̀ dúdú bí ayìnrín, ṣùgbọ́n bí ó bá na ìyẹ́ apá láti fò, pupa yóò yọ bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti yẹ àwọ̀ pupa yìí wò, wọ́n sì rí i pé bàbà wà nínú rẹ̀, irú bàbà tí a fi ń ṣe wáyà iná, àti pé láàárín gbogbo ẹyẹ ayé, ìdílé àlùkò nìkan ni ó ní in. Àwọn àgbà wa tí wọ́n so orúkọ àlùkò pọ̀ mọ́ osùn ti fi ojú wọn rí i kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ wò ó.

ẸYẸ ARÌNRÌN-ÀJÒ BÍI TIWA

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó wu àwa tí a kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tí a ń rí ní Àbújá, arìnrìn-àjò ni wọ́n. Lékeléke kì í gbé ojú kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń ya wọ apá gúúsù, tí yóò máa tẹ̀lé màlúù kí ó lè mú kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù bá ta jáde nínú koríko. Bí òjò bá ti ń fi ìdí múlẹ̀, yóò gba ìhà àríwá lọ láti lọ pamọ. Ẹyẹ yìí ti rìn ju gbogbo wa lọ. Ní apá ìparí ọ̀rúndún 19 ni wọ́n rí i ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ó ti fi ìyẹ́ ara rẹ̀ ré òkun Àtìláńtíìkì kọjá láìsí ọkọ̀. Ní ọdún 1941, wọ́n rí i ní Florida. Nígbà tí ó di 1953, ó ti ń pamọ níbẹ̀. Ní ọdún 2008 ni ó kọ́kọ́ pamọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín nígbà tí wọ́n bá na ọwọ́ sí lékeléke pé kí ó fún èékánná wọn ní funfun.

Àwòdì náà ń tẹ̀lé ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ni ẹyẹ tí a ń rí tí ń yí po lókè ọjà àti ibi tí a ń da ilẹ̀ sí, tí ìrù rẹ̀ là ní ìdí díẹ̀. Ọmọ tí ó bá wo bí ó ti ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé òun láìju apá yóò mọ ìdí tí ẹ̀fúùfù fi di ìrànlọ́wọ́ fún un ní ọ̀nà Ìbarà.

Nígbà ọyẹ́, àwọn àlejò ọ̀nà jíjìn a tún dé. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù, tí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Ní agbègbè Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n máa ń péjọ sùn nínú koríko orí òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, débi pé àwọn onímọ̀ fojú bù wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ń pa wọ́n jẹ tẹ́lẹ̀, kí àjọ Nigerian Conservation Foundation tó bá wọn sọ ọ́.

Ẹyẹ kékeré kan tún wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní whinchat. Àwọn olùwádìí fi àmì sí i lẹ́sẹ̀ ní agbègbè Jos, wọ́n sì rí i pé ẹyẹ tí ó ti lọ sí Yúróòpù lọ pamọ, bí ó bá yè bọ̀, orí ilẹ̀ kékeré kan náà tí ó gbé ní èṣí ni ó ń padà sí. Ẹyẹ tí kò wúwo tó lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́, ó mọ ilé méjì, kò sì gbàgbé ọ̀kan nítorí èkejì. Ohun tí àwa náà ń fẹ́ fún àwọn ọmọ wa nìyẹn: kí wọ́n mọ Àbújá dáadáa, kí wọ́n má sì gbàgbé ilé.

IBI TÍ A LÈ LỌ ÀTI BÍ A TI Í ṢE É

Fún ìdílé tí ó ní ọmọ kékeré tàbí ìyá àgbà tí kò lè rìn jìnnà, Millennium Park ní Maitama ni ó rọrùn jù. Ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Elizabeth Kejì, ni ó ṣí i ní ọdún 2003. Kí á débẹ̀ ní kùtùkùtù kí ariwo tó pọ̀. Òpèèrè, àdàbà, ẹ̀gà àti àwọn ẹyẹ tíntìntín tí ń fi ẹnu gígùn fa omi òdòdó mu ni kí á máa wá níbẹ̀.

Adágún Jabi dára fún ẹyẹ omi. Ẹ wo ẹyẹ aláwọ̀ dúdú-òun-funfun kan tí yóò dúró sójú kan lófuurufú bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó rọ̀, tí yóò dédé sọ orí kodò já bọ́ sínú omi, tí yóò sì gbé ẹja jáde. Níbi tí òṣíbàtà bá wà lójú omi, ẹ wá ẹyẹ pupa rúsúrúsú kan tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rìn lórí ewé láìrì.

Ìdídò Usuma, ní ìhà Ushafa àti Bwari, tóbi ju Jabi lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi tí púpọ̀ nínú wa ń mu wá sí ìlú. Ṣùgbọ́n ohun ìní ìjọba ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

A fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ààbò sọ́kàn gidigidi. Kí ìdílé kan má ṣe dá nìkan wọ igbó tàbí gun òkè tí kò mọ̀. Kí á jẹ́ ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, kí á sọ fún ará ilé ibi tí à ń lọ àti ìgbà tí a ó dé, kí oòrùn má sì wọ̀ bá wa níta. Bí ilẹ̀ abúlé ni à ń lọ, kí á kọ́kọ́ kí baálẹ̀ ibẹ̀, kí á sọ ohun tí a bá wá. Ẹni tí ó rí wa tí a kí i yóò fi ibi tí ẹyẹ wà hàn wá; ẹni tí kò mọ̀ wá lè rò pé ilẹ̀ rẹ̀ ni a wá wọ̀n.

Ìgbà tí ó dára jù ni láti aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, tàbí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án gangan, ẹyẹ náà ń sá oòrùn bí ènìyàn. Kí á wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò tàn, kí a fi ankara olómi góòlù sílẹ̀ fún òde ìyàwó. Kí a mú omi, fìlà, oúnjẹ díẹ̀, àti ìwé kékeré pẹ̀lú pẹ́ńsù. Bí ẹnìkan bá ní awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, kí ó mú un wá, kí gbogbo ọmọ sì lò ó ní yípo. Kí a má sọ òkúta, kí a má fọwọ́ kan ìtẹ́, kí a má mú ọmọ ẹyẹ wá sílé.

Kí ọmọ kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀: ọjọ́, ibi, iye ẹyẹ, àwọ̀, ìṣe rẹ̀, àti orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. Bí bàbá àti ìyá kò bá mọ orúkọ náà, kí wọ́n pe bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà nílé lórí fóònù lẹ́sẹ̀ kan náà, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàpèjúwe ẹyẹ náà fún wọn. Inú àgbàlagbà tí ó jókòó sílé yóò dùn pé a béèrè ohun tí ó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ yóò sì sọ Yorùbá tí kò ní sọ nínú ilé ìwé.

Irú ìwé kékeré yìí wúlò ju eré lọ. Láti ọdún 2015 ni iṣẹ́ kan tí à ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project ti ń lọ. Wọ́n pín gbogbo Nàìjíríà sí ìgun mẹ́rin mẹ́rin, tí ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 9, àwọn tí ó sì fi ara wọn sílẹ̀ láìgba owó ni ó ń lọ káàkiri láti kọ ẹyẹ tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tán, wákàtí méjì ni wọn yóò fi wò ó dáadáa. Ọ̀dọ́ tí ó bá ti mọ ẹyẹ àdúgbò rẹ̀ lè bá wọn ṣe é.

BÍ A BÁ LỌ SÍ JOS TÀBÍ SÍ ILÉ

Ẹni tí ìrìn àjò bá gbé dé Jos, tí ọ̀nà sì dára, kí ó béèrè igbó Amurum ní Laminga, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ ti A.P. Leventis wà. Ìtàn dídùn kan wà nípa agbègbè yẹn. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ni ó ń yé sí, akọ rẹ̀ a sì máa sín orin ẹyẹ tí ó tọ́ ọ dàgbà jẹ. Ọ̀mọ̀wé Robert Payne ará Amẹ́ríkà gbọ́ orin yìí, ó sì rí i pé kò bá ti ẹyẹ kankan tí ayé ìmọ̀ ti kọ sílẹ̀ mu. Ó wá ẹni tí ó ni orin náà títí, ó sì rí i láàárín àpáta: ẹyẹ pupa kékeré kan tí ó jọ olongo. Ní ọdún 1998 ni wọ́n tó fún un ní orúkọ nínú ìwé, Rock Firefinch. Ọmọ tí a gbà tọ́ ni ó fi ohùn rẹ̀ júwe ilé alágbàtọ́.

Nígbà tí a bá lọ sí ilé fún Kérésìmesì tàbí Iléyá, ẹ jẹ́ kí á ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọgbà IITA ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, igbó kan wà tí wọ́n dá sí. Níbẹ̀ ni ẹyẹ kan ń gbé tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, tí ó dúdú tí ó sì pupa ní orí àti àyà, tí orúkọ rẹ̀ ní ayé ìmọ̀ jẹ́ ti Ìbàdàn: Ibadan Malimbe. J. H. Elgood, tí ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó kọ nípa rẹ̀ fún aráyé ní ọdún 1958. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí a ti ń rí i ju ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ, ó sì ti ṣọ̀wọ́n gidigidi nítorí pé a ti gé igbó rẹ̀. Ní Èkó, ọgbà Lẹ́kí tí ó ṣí ní ọdún 1990 ní afárá orí igi tí ó gùn ní mítà 401. Ẹni tí ó bá jẹ́ ará Òkè-Ògùn sì mọ̀ pé ọgbà ẹranko Old Oyo kò jìnnà sí òun, níbi tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà.

Ọ̀RỌ̀ GÚNNUGÚN

A ti fi ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù sí ìparí. Ẹ ka gbogbo ẹyẹ tí a dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ẹ ó rí i pé a kò sọ ibi tí a ti lè rí gúnnugún. Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà tí igún ń bà lé òrùlé lẹ́bàá odò ẹran ní gbogbo ìlú wa. Lónìí, ẹ lọ wo odò ẹran tí ó súnmọ́ yín. Gúnnugún tí ó wọ́pọ̀ ní ìgboro, tí ojú rẹ̀ pá tí ó sì pọ́n, ni àjọ àgbáyé tí ń ka àwọn ohun abẹ̀mí kọ sílẹ̀ ní ọdún 2015 pé ó wà ní bèbè ìparun. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá pa mẹ́wàá lónìí, ó di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí àyè wọn tó kún.

Ta ni ń pa wọ́n? Májèlé tí wọ́n fi sínú òkú ẹran pa àwọn kan. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè wa, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ń pa wọ́n jù ni ọjà oògùn. Orí igún, ẹsẹ̀ igún, ìyẹ́ igún, wọ́n wà lórí àtẹ àwọn lẹ́kùlẹjà, ní ilé àti ní òkè ọya. Àwọn tí ń rà á ń fẹ́ oríire, tàbí ààbò, tàbí kí wọ́n lè mọ ohun tí ọ̀la yóò bí. A kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á má tan ara wa: àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí ń rà.

Bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Wọ́n ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Bí ẹnìkan bá wá ní àṣà Yorùbá ni òun ń ṣe tí òun fi ra orí igún, kí a bi í pé ẹnu àgbà wo ni ó ti gbọ́ ọ.

Ìdí wà fún òfin náà. Oje inú ikùn igún mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tí ó wà lára òkú ẹran. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí kì í gba owó oṣù ni. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Ní àwọn ọdún 1990, oògùn kan tí wọ́n ń fún màlúù, diclofenac, bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn igún tí ó jẹ òkú màlúù náà, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òkú ẹran ń jẹrà sílẹ̀, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, omi ń bàjẹ́. Ní ọdún 2006 ni ìjọba wọn ka oògùn náà léèwọ̀ fún ẹran. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ṣírò rẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2024, wọ́n sì ní láàárín ọdún 2000 sí 2005, nǹkan bí ènìyàn 500,000 ni ó kú tí ìbá má kú bí igún bá wà.

Àṣà tí ó ń pa ẹyẹ ṣeé yí padà. Nígbà kan, àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìyẹ́ lékeléke àti ti àwọn ẹyẹ mìíràn ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́, a sì ń pa ẹyẹ lọ rẹpẹtẹ nítorí rẹ̀. Àwọn obìnrin bíi tiwọn ni ó dìde ní ọdún 1889, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní àwọn kò ní wọ irú fìlà bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di 1921, òfin ka kíkó ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ̀lú léèwọ̀. Níbí náà, Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jíròrò pé kí wọ́n máa fi ewé àti egbò dípò ẹ̀yà ara igún. Oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kò ṣaláìmọ ewé. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ṣì ń béèrè, ọlọ́jà yóò ṣì máa wá. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa: ẹ má rà á, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rà á fún yín.

Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ dá òwìwí sí. Bí ó bá bà lé òrùlé lóru, eku ni ó wá mú. Ilé tí wọ́n bá ti lé òwìwí lọ, eku yóò di onílé níbẹ̀.

Ìdílé tí ó bá jáde lọ wo ẹyẹ láti ìsinsìnyí lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìwé ìròyìn yìí: orúkọ àwọn ọmọ tí ó lọ, ibi tí wọ́n dé, ẹyẹ tí wọ́n rí àti orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní ìlú yín, nítorí pé orúkọ ẹyẹ a máa yàtọ̀ láti Èkìtì dé Ẹ̀gbá. A ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìròyìn ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. Ọmọ tí ó bá sì kọ́kọ́ rí gúnnugún láàyè nínú agbègbè Àbújá, kí ó kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti rí i sílẹ̀ kedere. Orúkọ rẹ̀ ni a ó fi síwájú.